Iṣu Tí Mo Bá Lẹ́sẹ̀ Ẹní Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Òkun o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, tí kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Kabba. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú bàbá, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kí Ìyá Sàlámì, aládùúgbò wa, tí mo mọ̀ dájú pé wọn yóò ti gbé àpótí wọn wá jókòó bí wọ́n bá ti gbọ́ pé lẹ́tà dé. Fúnkẹ́, àbúrò mi, ìwọ tí o ń kà á sí bàbá létí nítorí ojú wọn tí kò ríran dáadáa mọ́, rọra kà á. Má fo ibi kankan, kódà ibi tí mo bá ti tú àṣírí rẹ.

Bàbá, ẹ má bínú pé gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Inú ìwé ìròyìn tí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Òkun ń tẹ̀ jáde níbí ní Kánádà ni mo fi í sí, Fúnkẹ́ ló sì máa kà á lórí fóònù rẹ̀. Ó nídìí. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bi yín, mo sì ti gbìyànjú láti bi yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òjò ni mo béèrè, mo béèrè ojú yín, mo sì ní kí ẹ gbé fóònù fún ìyá. Bí èmi àti ẹ̀yin ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Mo wá rò ó pé bí gbogbo ọmọ Òkun tó wà nílùú yìí bá ti ka ìbéèrè náà, n kò ní lè sá fún un mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tọ́ bí ẹ ṣe tọ́ mi. Ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ní ìbéèrè tiwọn.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ara mi. Òtútù ti dé. Ọyẹ́ tó máa ń la wá létè nílé, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Yìnyín ti ń bọ́ láti ìjẹta, n óò sì fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n tó lè gbé ọkọ̀ jáde. Èèyàn lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa dé òpin rẹ̀ kó má rí ẹni tó máa kí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo máa ń sọ òkun, ìkíni ilé wa, fún ara mi nínú dígí lówùúrọ̀, kí n má bàa gbàgbé. Yétúndé ìyàwó mi ló bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì jẹ́ mi lóhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì la jọ ń kí ara wa bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣì wà. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń bú mi ní gbogbo àárọ̀, tí yóò sì di ọwọ́ mi mú nírọ̀lẹ́ pé kí n má lọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí bí mo ṣe ń fara dà á. Mo ní níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í bi àgbà pé kí ló dé. Wọ́n rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ Kristẹni ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, mo ti ń wo ara mi bí ẹni ń wo ẹrù tí ẹlòmíràn bá a dì: mo ń tú u, mo ń wo ohun tí ẹ dì sí i fún mi.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní ọjọ́rú ló dá a sílẹ̀. Ìyá ará Gánà kan, díákónì ìjọ wa, ló ń kọ́ wa nínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó bi wá pé bí a bá di ojú láti gbàdúrà, ìró wo nínú ilé tó tọ́ wa la máa ń gbọ́. Obìnrin kan ní bàtà ìyá òun ni, kò-kò-kò, tó ń sáré jáde lọ ṣiṣẹ́. Títí dòní, òun máa ń rò pé Ọlọ́run ń kánjú, òun sì gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ̀rọ̀ òun. Ọkùnrin kan ní bẹ́líìtì ni, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi máa ń bà á nígbà tí nǹkan bá ń dára. Nígbà tó kàn mí, mo ní ikọ́ bàbá mi ni, ní ìdájí, nínú ọgbà iṣu ẹ̀yìn ilé wa. Wọ́n á wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, n ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, wọn kò sì ní sọ nǹkan kan. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá ará Gánà náà kò rín. Ó bi mí pé bí ọmọ bá ní ìjà pẹ̀lú irú bàbá bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe. Mo bá sọ ti iṣu ìjà fún wọn.

Ẹ̀yin mìíràn tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, tí ẹ kò mọ ilé wa, ẹ má wá iṣu ìjà kiri Kabba. Ilé bàbá mi nìkan ló wà. Bí iṣu tuntun bá ti tó wà, kí a tó gbé èyíkéyìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìkórè, bàbá á kó wa lọ sí oko lójú ọ̀nà Ayewa. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ebè tirẹ̀. Iṣu àkọ́kọ́ tí o bá wà nínú ebè rẹ kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe ti ìkòkò ìyá wa. Ti ẹni tí o bá jà jù lọ́dún náà ni. Orí ara rẹ ni wàá fi rù ú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ojú mọmọ, kí àwọn èèyàn rí ọ. O kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, kódà bí wọ́n bá sè é lójú rẹ. Kò sì sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé ta ló jẹ̀bi. Ẹni tí ìjà ṣì ń gbé inú rẹ̀ ni yóò ru iṣu. O kò ní láti sọ̀rọ̀. Bàbá ní iṣu náà ni ọ̀rọ̀. Àgbà ìjọ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ pé Ọlọ́run kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ṣì di ọmọnìkejì rẹ̀ sínú.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ tú àṣírí Fúnkẹ́. Bàbá, a fi ọgbọ́n ọmọdé bá iṣu yẹn ṣe. Ìyá Sàlámì máa ń ta wàrà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ru iṣu dé ọ̀dọ̀ wọn kò ní padà láìjẹ wàrà díndín. A bá ń wá ìjà lọ́dọ̀ wọn. Bí iṣu tuntun bá ku bí oṣù kan kó tó wà, Fúnkẹ́ á lọ bú adìyẹ Ìyá Sàlámì lójú wọn, kó lè rí ẹni ru iṣu fún. Nígbà tí ẹ gbọ́, ẹ ní kí Ìyá Sàlámì má fún wa ní nǹkan kan mọ́. Ìyá Sàlámì ní nínú ẹ̀sìn tiwọn, a kì í jẹ́ kí ẹni tó wá tọrọ àlàáfíà lọ lọ́wọ́ òfo, àti pé adìyẹ náà ti dárí jì í. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bàbá, a ti kọ́ nígbà náà pé èèyàn lè ronú pìwà dà pẹ̀lú orí àti ọrùn, kí ẹnu má mọ̀ sí i.

Lọ́dún tó kọjá, mo sọ̀rọ̀ líle sí obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Lísà, ọmọ orílẹ̀-èdè Filipínì. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọkàn mi kò balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: mo wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, mo ra iṣu, mo sì fi orí rù ú láti ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí dé ẹnu ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ wa, nínú yìnyín, ní ojú mọmọ. Lísà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó rò pé igi ìdáná ni. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ, mo ní kò sí. Nígbà tó yá, iṣu náà hu níbi tó gbé e sí lójú fèrèsé, ó fi í sínú ìkòkò omi, àwọn arúgbó wa sì ń kí i lówùúrọ̀. Èmi àti Lísà ti di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n títí dòní kò mọ̀ pé mo tọrọ àforíjì.

Mo sọ ọ́ fún Yétúndé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní láti ọdún mẹ́wàá tí a ti fẹ́ra, mo ti ra bàtà, mo ti ra aṣọ, mo ti ra ìkòkò oríṣiríṣi, n kò tíì fi ẹnu mi sọ rí pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní bí mo bá ti ń wọlé pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, bí ọ̀rá náà ṣe wúwo tó lòun fi ń mọ bí mo ṣe mọ ẹ̀bi mi tó. Ó tún ní bí mo ṣe ń ṣe fún òun ni mo ń ṣe fún Ọlọ́run: bí mo bá dẹ́ṣẹ̀, n ó gbààwẹ̀, n ó lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n gbá, n ó san ìdámẹ́wàá kí oṣù tó parí, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Inú bí mi. Ó bí mi nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti ń jọ́sìn láti kékeré, mo rò pé mo ti dàgbà nínú ìgbàgbọ́, àṣé orí mi nìkan ló ti dàgbà tó láti ru iṣu.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an ṣẹlẹ̀ ní Sátidé kan tó kọjá. N kò rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi. Mo pariwo mọ́ Àánú, ọmọ mi, pé òun ló fi ṣeré. Ó ní òun kọ́. Mo ní kó dúró síbi ògiri títí yóò fi rántí. Kò pẹ́ tí mo rí kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò kóòtù mi, ibi tí èmi fúnra mi fi í sí. Mo ní kó lọ máa ṣeré. Mo jáde, mo ra ṣokoléètì ńlá kan, mo sì gbé e sórí ìrọ̀rí rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, bàbá, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́. Ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní òun kò mọ ẹni tó ni ín, àti pé kí ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Yétúndé wò mí. Ó ní kí n lọ dá ọmọ mi lóhùn. Ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ náà ni mo dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rántí iṣu kan.

Bàbá, ẹ ó rántí ọdún tí iṣu èbù sọnù. Ẹ ní mo kó wọn lọ sun jẹ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi lóko. Ẹ nà mí, ẹ sì ní kí n kúnlẹ̀ nígbà àdúrà òwúrọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bí gbogbo ilé ti ń kọrin. Ní ọjọ́ kẹta, mo wà lórí igi igbá lóko, mò ń ká igbá tí ìyá máa fi ṣe irú, ẹ kò sì mọ̀. Mo rí yín tí ẹ wá sí ìdí igi náà, tí ẹ ṣí koríko gbígbẹ, tí ẹ bá èbù níbi tí ẹ̀yin fúnra yín bò wọ́n sí. Ẹ ṣí fìlà yín. Lẹ́yìn náà ẹ dé e, ẹ sì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kò ní kí n kúnlẹ̀ mọ́. Mo retí pé ẹ ó sọ̀rọ̀. Mo retí lọ́jọ́ náà, mo retí lọ́sẹ̀ náà, títí mo fi kúrò nílé. Ìjà náà ń gbé inú mi, n kò sì lè ru iṣu fún yín, nítorí a kì í sọ nílé wa pé ọmọ bá bàbá rẹ̀ jà. Òun ló fi jẹ́ pé òjò ni mo máa ń béèrè lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà Àánú, ohun tí mo rántí ni àárọ̀ kan lásìkò iṣu tuntun, lọ́dún yẹn kan náà. Mo jí, mo bá iṣu kan lẹ́sẹ̀ ẹní mi. Ó funfun, ó gùn tó apá mi, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo rò pé ìyá ló gbé e síbẹ̀ kí n bó o, mo bá gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ìyá bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Wọ́n gbé e dání díẹ̀, wọ́n yọjú wo ọ̀nà ọgbà iṣu, wọ́n wá ní kí n gbé odó. A gún un. Gbogbo wa jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ iyán, tí ìyá máa ń sọ pé bí ẹ bá sùn ẹ lè gbọ́ ìró odó, ẹ ní ẹ kò jẹ lọ́jọ́ náà. Garí lẹ mu. Mo rántí rẹ̀ torí pé ìpín yín ni wọ́n fi kún tèmi.

Ìbéèrè mi nìyí, bàbá. Ṣé iṣu ìjà ni? Ṣé èmi lẹ gbé e wá fún? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi gbé e wá nígbà tí mo ń sùn, tí kì í ṣe ní ojú mọmọ bí ẹ ti kọ́ wa? Mo bi ìyá lórí fóònù, ìyá ní kí n lọ bi ẹni tó ni iṣu. N kò béèrè láti fi yín ṣẹ̀sín. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Nítorí bó bá jẹ́ òun, a jẹ́ pé mo ti jẹ àforíjì yín yó láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ti ń bínú sí yín lórí ikùn tó yó fún ohun tó lé lógún ọdún. Mo sì tún ń bi ara mi pé mélòó ni Ọlọ́run ti gbé sí ẹsẹ̀ ẹní mi bẹ́ẹ̀, tí mo jẹ, tí n kò mọ ohun tí ó jẹ́.

Mo wọ yàrá Àánú lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo sì fi ẹnu mi sọ ọ́ pé kọ́kọ́rọ́ náà wà lápò mi, pé mo ṣẹ̀ ẹ́, kó dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́yọ lẹ́yọ bí ti ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní òun rí mi nígbà tí mo yọ ọ́ lápò, òun kàn ń dúró kí òun wò ó bóyá n ó sọ. Bàbá, èmi náà wà lórí igi.

Bí ẹ bá fẹ́ dá mi lóhùn, inú mi yóò dùn. Bí kò bá sì ṣeé sọ, n kò ní fi dandan lé e. Àwọn tó tọ́ ẹ̀yin náà ló di ẹrù tiyín. Ṣùgbọ́n inú mi ni ìjà náà ń gbé, òfin yín sì ni pé èmi ni n ó ru iṣu. Fúnkẹ́, jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń kọ ebè lọ́dún yìí, kọ ọ̀kan fún mi, kí ẹnikẹ́ni má wà á. N ó wá wà á fúnra mi nígbà iṣu tuntun, èmi àti Yétúndé àti Àánú. Orí mi ni n ó fi rù ú láti ọ̀nà Ayewa dé iwájú bàbá, ní ojú mọmọ, kí gbogbo Kabba rí mi. Lẹ́yìn náà, n ó fi ẹnu mi sọ ọ́, nítorí iṣu nìkan kò tó mọ́.

Kí Olúwa dá ìmọ́lẹ̀ ojú yín padà, bàbá, kí ẹ lè rí mi bí mo bá ń bọ̀. Kí ó fún ìyá ní ọjọ́ pípẹ́ àti ara líle. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ará ìjọ, ẹ kí Ìyá Sàlámì pé kí wọ́n dá wàrà sí fún Àánú. Òun kò ní láti bú adìyẹ kankan kó tó jẹ ẹ́. Ìyá mi, lọ́jọ́ tí ẹ bá gún iṣu náà, ẹ jẹ́ kí iyán bàbá pọ̀. Ẹ má bu tèmi. Garí ni kí ẹ fi pamọ́ dè mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáre